Pòtétò Òyìnbó Nínú Ìkòkò Gbogbo Wa

Mi ò tíì jókòó dáadáa sórí àpótí olórí ilé ìdáná tí òyìnbó kan fi fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ má rò pé mò ń sọ àsọdùn. Láyé ìgbà yẹn ní Ayétòrò, ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń jẹ nínú rẹ̀. Apẹja kó ẹja dé, agbẹ́kọ̀ gbẹ́ ọkọ̀, ahunṣọ hun aṣọ, kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù, kò sì sẹ́ni tó ń dá iná tirẹ̀. Bí agogo oúnjẹ bá ti dún, èmi àti àwọn obìnrin mi la ó bọ́ wọn. Òkun ti gba ibi tí ilé ìdáná náà wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà tó mi, wọ́n á sọ fún yín bí a ṣe ń sè é.

Ìyá Ẹ̀bùn ló kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó fa àṣà kan lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí àlejò bá fẹ́ wọkọ̀ kúrò ní ìlú wa, olórí ilé ìdáná á sìn ín dé èbúté, á sì bi í lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o yó?"

"Torí kí ebi má baà pa ẹnikẹ́ni la ṣe tẹ ìlú yìí dó," Ìyá Ẹ̀bùn sọ fún mi. "Ọjọ́ tí àlejò bá febi jáde níbí, a jẹ́ pé irọ́ la ti ń pa fún ara wa."

Àlejò mi àkọ́kọ́ ni Háńsì, ará Jámánì, tó wá to ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀ ẹja ńlá tí àwọn ọkùnrin wa kàn. Ó ga, ó ní irùngbọ̀n pupa, gíríìsì kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé púpurú fún un. Fún ẹ̀yin ará òkè tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni a máa ń rẹ, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó yan án lókè iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú, a ó wá ha dúdú náà kúrò kí a tó gún un, kí a tó rò ó lórí iná. Bí o bá fi ọbẹ̀ edé tútù jẹ ẹ́, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ bàbá rẹ. Háńsì bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó rọra ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Tíì àti bísíkíìtì tó gbé wá látilé nìkan ló kù tó ń jẹ. Kò pẹ́ tí ṣòkòtò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí rẹ̀.

Bródà Jósẹ́fù, tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó sì gbọ́ èdè òyìnbó, ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Tóyìn, òyìnbó ní bí ọkọ̀ bá dé lọ́jọ́ Sátidé, òun ń lọ ní tòun."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Kò tíì parí. Ṣùgbọ́n kò lókun mọ́."

"Kí ló wá fẹ́ jẹ?"

"Pòtétò. Ó ní pòtétò gbígbóná tí ìyá òun máa ń ṣe."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí ara mi ní èbúté, tí mò ń bi í pé ṣé o yó, tí òyìnbó ń mi orí pé rárá, tí gbogbo ìlú ń wò mí. Èmi! Mo ní kí wọ́n tukọ̀ lọ sí ọjà Igbókòdá kíákíá. Wọ́n gbé àpò pòtétò kékeré kan bọ̀.

A sè é, ó jinná, ó funfun. Kí ni ará Ìlàjẹ ń fi ohun funfun tó bá jinná ṣe? A gún un! A gún un títí ó fi fà, mo mọ ọ́n sínú àwo, mo bu ọbẹ̀ edé lé e lórí, mo sì fọwọ́ ara mi gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀. Háńsì wo àwo, ó wò mí, ó tún wo àwo. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ó ní ẹ ṣeun gan-an," Bródà Jósẹ́fù sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n ó ní ẹ ti pa á."

"Mo pa kí ni?"

"Pòtétò."

Inú bí mi o! Mo ní kó dìde, kó wá fi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é hàn mí. Ọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná wa, ṣùgbọ́n èmi ni olórí ibẹ̀, ta ló fẹ́ dá mi lẹ́kun? Háńsì fọwọ́ júwe, Jósẹ́fù ń túmọ̀. Tèèpo tèèpo ni wọ́n ń se pòtétò. Gbígbóná ni wọ́n ń bó o, gbígbóná náà ni wọ́n ń gé e pẹlẹbẹ. Wọ́n á dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín gbẹ pẹ̀lú àlùbọ́sà, wọ́n á da fínígà, ìyẹn omi kíkan ilẹ̀ wọn, àti omi ẹran sí i, bó bá ti hó, wọ́n á dà á sórí pòtétò, wọ́n á sì dé e. Pòtétò tó bá ti tutù kì í fa omi mọ́.

"Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò sí," mo ní. "Fínígà kò sí. Ṣé ẹja gbígbẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ò ní ṣe é?"

Ó gbọn èjìká. A gbé díẹ̀ nínú pòtétò tó kù kaná tèèpo tèèpo. Nígbà tó jinná, Háńsì gbé ọ̀kan láti bó, ló bá jù ú sílẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Èmi àti àwọn obìnrin mi rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ tó ti ń ro púpurú láti kékeré, ṣé pòtétò ló máa dẹ́rù bà á? A ń bó o wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òyìnbó ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní aṣọ ni ìyá òun fi ń dì í mú.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀bùn ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta lẹ ń se ìyẹn fún?"

"Àlejò ni, Ìyá."

"Àlejò nìkan? Ìgbà wo ni ilé ìdáná yìí ní ìkòkò ẹnì kan?"

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo wa ò bá ní jẹ, a kì í sè é. Pòtétò tó sì kù nílẹ̀ kò lè kárí tábìlì kan, áńbọ̀sì ìlú. Mo dúró, mo ń wo ààrò, ojú ń tì mí níwájú ọ̀gá mi. Ìgbà náà ni mo rántí kókò tó wà nílé ìpamọ́. Kókò náà funfun, òun náà máa ń fa omi ọbẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e kaná, kí wọ́n sè é tèèpo tèèpo. A bó o ní gbígbóná, a gé e pẹlẹbẹ, a po òun àti pòtétò pọ̀ nínú ìkòkò ńlá. Mo dín ẹja gbígbẹ títí ọ̀rá rẹ̀ fi yọ, mo da àlùbọ́sà, omi ẹja, omi ọsàn àti ṣúgà díẹ̀ sí i. Nígbà tó hó, mo dà á lé e lórí, ariwo tó pa dùn mọ́ mi. Mo dé e, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí agogo á fi dún.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nídìí tábìlì. Apẹja àgbà kan tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Kí ló kan báyìí?" Ó tún bu òmíràn sẹ́nu. "Hẹ́ẹ̀n. Ẹ bù sí i jàre."

Háńsì jẹ àwo rẹ̀ tán, ó gbójú sókè, ó rí gbogbo ìlú tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀. Ó nawọ́ àwo sí mi. Mo fẹ́ ṣa pòtétò fún un, ó kọ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí kókò. Mo bù ú kún un.

Ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé lọ láìgbé e. Ọkọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e dé, òun náà lọ láìgbé e. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà dún lórí omi, gbogbo ìlú hó yèè, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò Háńsì ti padà mú un nídìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Ọjọ́ tó ń lọ, mo sìn ín dé èbúté. Ìyá Ẹ̀bùn fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Mo bi í lójú gbogbo èèyàn.

"Ṣé o yó?"

Jósẹ́fù ti fẹ́ túmọ̀, Háńsì gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó ti lọ kọ́ ọ, mi ò mọ̀.

"Mo yó, Ìyá mi. Mo yó."

Ìyá Ẹ̀bùn fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé ọmọ kékeré ni mí. "Ìwọ ló ni ilé ìdáná wàyí," ó ní. Mo dojú kọ omi, mo jẹ́ kí ọkọ̀ jìnnà dáadáa kí n tó fi aṣọ nu ojú.