Ọ̀sẹ̀ Tí Lífíìtì Gba Jésù

Ọdún méjìlélógún ni Bọ̀dá Gbémigòkè ti jókòó sórí àpótí kan náà nínú lífíìtì, tó ń gbé èèyàn ròkè, tó ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fẹsẹ̀ kọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o! Lífíìtì ilé alájà mẹ́jọ yẹn kì í ṣe irú èyí téèyàn ń fi ìka tẹ̀ tí á máa dá lọ. Ti àtijọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣí i, ọwọ́ irin kan sì wà lára ògiri rẹ̀: tí o bá tì í síwájú, á ròkè, tí o bá fà á sẹ́yìn, á sọ̀kalẹ̀, tí o bá dá a padà sáàárín, á dúró. Àwọn mìíràn á dá a dúró kí ilẹ̀ lífíìtì fi ìka mẹ́ta ga ju ilẹ̀ ìta lọ, àwọn èrò á wá máa ta gìrọ́gìrọ́ jáde. Ti Bọ̀dá Gbémigòkè kọ́! Ilẹ̀ á bá ilẹ̀ dọ́gba bí omi inú àwo. Á wá fa ilẹ̀kùn irin tó ń ká jọ yẹn, á ní, "Àjà kẹta rèé, ẹ rọra bọ́ sílẹ̀." Gbémigòkè sì ni orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n mọ́. Tí o bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, òun gan-an lè má dáhùn.

Onígbàgbọ́ ni. Kì í mutí, kì í bú èèyàn, kì í pa ìsìn jẹ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa pẹ̀lú Ọlọ́run, àfi ọjọ́ Ìsinmi kan tí pásítọ̀ dédé na ọwọ́ sí ìjọ.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ̀yin ará, kí lẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹni tí ò mọ Jésù ò lè ṣe? Ẹ ò mutí? Ewúrẹ́ náà kì í mutí. Ẹ ò bú èèyàn? Bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé yẹn ò bú ẹnikẹ́ni rí!"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Gbémigòkè ò rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ló jókòó lé.

Pásítọ̀ wá ń ṣàlàyé: láyé ìjọ́un, sójà lè dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, kó gbé ẹrù kà á lórí, kó ní kó bá òun rù ú dé máìlì kan. Jésù wá ní kí ọmọ Ọlọ́run rù ú dé máìlì méjì. Máìlì kìíní, ti sójà. Èkejì, ti ìfẹ́.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá Gbémigòkè ń rò ó. Ta ló ń fipá mú òun? Ẹ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ṣiṣẹ́ o, ó wú mi lórí gan-an ni! Ó ní láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ńṣe làwọn èèyàn ń já wọ lífíìtì òun, tí wọ́n á máa jágbe mọ́ òun, "Àjà kẹrin!" Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìfipámúni kọ́ nìyẹn? Ẹrù sì ni wọ́n, àwọn mìíràn tiẹ̀ wúwo. Àjà kẹrin ni wọ́n ní kí òun gbé wọn dé. Ìlọ́po méjì mẹ́rin ńkọ́? Mẹ́jọ!

Ó ju ẹran ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò dìde. "Ògo ni fún Ọlọ́run!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí ló dé? Ṣé ata ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni obìnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù, tó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Kò lè la ẹnu, ló bá na ìka méjì sókè: àjà kejì. Bọ̀dá Gbémigòkè gbé e kọjá àjà kejì, ó kọjá ìkẹta, ó bá a dé ìkẹrin, ó dá a dúró kó dọ́gba, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìránṣọ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọge méjìlá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Obìnrin náà wò wọ́n, wọ́n wò ó. Ó tún na ìka méjì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Bọ̀dá Gbémigòkè wí tìfẹ́tìfẹ́. "Méjì lọ́nà méjì. Ọlọ́run á wò yín sàn."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́yà kan wọlé, tòun ti báàgì aláwọ rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà karùn-ún.

"Sà, tiyín le díẹ̀ o," ni Bọ̀dá Gbémigòkè wí bí wọ́n ṣe ń gòkè. "Ìlọ́po karùn-ún, ìkẹwàá ni. Ilé yìí ò sì ju àjà mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ṣírò rẹ̀. A ó dé òkè pátápátá, a ó wá fi méjì tó kù padà sílẹ̀."

Lọ́yà ní, "Àjà kẹfà nìyẹn máa já sí!"

"Ó yé yín, sà."

"Àjà karùn-ún ni mò ń lọ!"

"A ti kọjá níbẹ̀, sà. Ẹ ò rí i ni?"

Ọgbọ̀n ọdún ni lọ́yà ti ń ro ẹjọ́ nílé ẹjọ́, kò tíì bá irú ẹlẹ́rìí báyìí pàdé. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àjà kẹfà, ó fẹsẹ̀ rìn padà sí ìkarùn-ún.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló wá burú jù. Láti àjà kẹrin dé ìsàlẹ̀, mẹ́rin ni. Ìlọ́po rẹ̀, mẹ́jọ. Abẹ́ ìsàlẹ̀ ò sì sí. Nítorí náà, tí àwọn ọmọge aránṣọ bá fẹ́ máa lọ sílé, á gbé wọn dé ìsàlẹ̀, á tún fi mẹ́rin tó kù gbé wọn padà sí àjà kẹrin, níbi tí wọ́n ti wọlé! Ìyá olùkọ́ wọn á ní, "Ẹ̀yin ò tíì lọ?" Wọ́n á ní, "A ti lọ, mà." Ọ̀kan nínú wọn lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, kò dé ilé.

Màdámù tó ń bójú tó ilé náà ńkọ́? Àjà kẹjọ ni ọ́fíìsì tirẹ̀ wà. Ìlọ́po mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: mẹ́jọ lọ sókè, mẹ́jọ bọ̀ wálẹ̀. Bọ̀dá Gbémigòkè kì í ṣílẹ̀kùn láàárín ọ̀nà, nítorí ìrìn ò tíì pé. Ìsàlẹ̀ ló máa ń sọ Màdámù kalẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. "A ti dé, mà. Ẹ kú ìrìn."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, àtẹ̀gùn ni gbogbo èèyàn ń gùn. Ẹ wo èrò bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn pọ̀! Ibi tí àwọn ọmọge aránṣọ ti ń sáré bọ̀, bóyá wọn á lè délé báyìí, ni wọ́n ti gbá obìnrin tó ń gbá àtẹ̀gùn lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màdámù ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Gbémigòkè. Màdámù ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn tó gùn.

"Gbémigòkè, ṣé o ti ń mugbó ni?"

"Rárá, mà. Ìgbàgbọ́ ni."

"Ó dáa. Ní ọ̀la, kí aago méjìlá tó lù, fọwọ́ síwèé pé ibi tí èèyàn bá ní òun ń lọ lo máa gbé e dé. Tí o ò bá fọwọ́ sí i, mú kọ́kọ́rọ́ lífíìtì wá sórí tábìlì yìí. Lífíìtì tó ń dá ṣiṣẹ́ pọ̀ níta."

Ó jáde bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Lífíìtì yẹn ni ayé rẹ̀. Tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí ló kù? Tó bá sì fọwọ́ síwèé, ṣé kò ní jẹ́ pé ó ti sẹ́ Olúwa rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjà báyìí?

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ò bá a fa nǹkan kan láti ọjọ́ Ajé, ó sì nídìí. Tó bá ní kó bá òun pọn garawa omi kan, méjì ló ń pọn. Tó bá ní kó fọ àwo, á fọ ìkòkò mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ní kó bá òun sá aṣọ kan, ló bá sá ti aládùúgbò pẹ̀lú. Obìnrin náà ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀sìn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jókòó. Sójà tí pásítọ̀ sọ yẹn, kí ló ṣe tí wọ́n fi ń pè é ní afipámúni?"

"Ó ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, ó ń mú wọn lọ síbi tí wọn ò fẹ́ lọ."

"Ẹ ṣeun. Obìnrin tí eyín ń dùn, níbo ló fẹ́ lọ?"

"Àjà kejì."

"Ta ló mú un dé ìkẹrin? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ta ló ti ilẹ̀kùn irin mọ́ Màdámù?"

Bọ̀dá Gbémigòkè yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò, ó ń wò ó.

"Ẹ̀yin gan-an ni sójà náà, Bàbá wọn. Àwọn ni wọ́n ń bá yín rin máìlì kejì."

"Yéè!" Ó fọwọ́ lérí. "Àbí obìnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú ló ń ṣe ẹ̀sìn látọjọ́ yìí?"

"Òun ni."

"Lọ́yà ńkọ́? Lọ́yà kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ẹ ti sọ ọ́ di díákónì," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì bọ́ sí ilé ìdáná, torí ẹ̀rín ti ń pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò dúró de aago méjìlá. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tó fi kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Màdámù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Mà, mo ti fi lífíìtì ni yín lára. Mo rò pé ẹrù ni mò ń rù, àṣé èmi ni mò ń di ẹrù ru èèyàn. Ẹ forí jì mí. Màá fọwọ́ síwèé. Tí ẹ bá sì ní kí n máa lọ, màá lọ."

Ọ̀rọ̀ ìbínú mẹ́sàn-án ni Màdámù ti tò kalẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Kò rí ọ̀kan lò nínú wọn. Ó ti ìwé sí i, Bọ̀dá Gbémigòkè fọwọ́ sí i. Màdámù wá ti kọ́kọ́rọ́ padà sí i.

"Ṣùgbọ́n kò tíì tán o! Obìnrin tó ń gbá àtẹ̀gùn wà lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìwọ. Ìwọ lo máa gbá a títí tí á fi padà. Oṣù kan gbáko, láràárọ̀, kí o tó ṣí lífíìtì. Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Tìpátìpá ni!"

Bọ̀dá Gbémigòkè gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

"Mà, ẹ ní tìpátìpá?"

"Tìpátìpá!"

"Ẹ ṣeun, mà! Ẹ ṣeun gan-an ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù méjì!"

Màdámù wò ó títí, ó wá ní kó jáde kí òun tó yí ọkàn padà.

Ó gbá a o. Àtẹ̀gùn alájà mẹ́jọ, láti òkè wálẹ̀, títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, tí eruku fi kún irun imú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ á wọ lífíìtì: àjà kejì, àjà kejì náà ni, àjà karùn-ún, ìkarùn-ún géérégé. Lọ́yà ṣì máa ń di irin mú tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ àjà rẹ̀. Nígbà tí oṣù kan pé, obìnrin agbálẹ̀ padà dé, ó ń tiro díẹ̀, ó bá a lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ mi wá."

"Ó ku oṣù kan, mà."

"Oṣù kan báwo? Ṣé iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ gbà ni? Ẹ ti fọ́ mi lórúnkún, ẹ tún fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi!"

Ló bá di ìgbálẹ̀ mú. Òun náà dì í mú. Àgbàlagbà méjì ń fa ìgbálẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀! Èyí tó ń fà á nítorí ìfẹ́ ló ń fà á le jù. Àfi bí ọkàn rẹ̀ ṣe gún un lójijì: sójà náà tún ti dé. Ó rọra tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

Obìnrin náà wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ó tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó wo òkè àtẹ̀gùn.

"Orúnkún yìí ò tíì lè dé òkè pátápátá. Ẹ máa gbá láti àjà kẹjọ wá sí ìkẹrin. Èmi á gbá ìyókù. Àjà kẹrin o, ẹ má kọjá ibẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbá a dé àjà kẹrin, ó dúró. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé e, òwú pupa kan ń bẹ níbẹ̀ tó já bọ́ lára àwọn aránṣọ. Ìgbálẹ̀ ń yún un lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn sísàlẹ̀.

"Mà! Òwú kan wà níbí! Ṣé kí n gbá a?"

Ohùn obìnrin náà dún láti ìsàlẹ̀ wá: "Ẹ dúró síbẹ̀!"

"Mo dúró, mà," ni Bọ̀dá Gbémigòkè wí, ó sì dúró.