Owó Ilẹ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Kànga

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Múṣín, ìyá mi kì í lè jókòó jẹun bí òjò bá ti ń ṣú. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá rí, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Yàrá tiwa ló sún mọ́ gọ́tà jù. Aránṣọ ni ìyá mi, ẹ̀rọ ìránṣọ onírin kan ló fi ń bọ́ wa, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló sì gbé e sí kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Bí gọ́tà bá kún, yàrá wa lomi ń kọ́kọ́ kí. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti dúdú báyìí, ìyá mi á sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí sítóòfù, ì báà jinná, ì báà má jinná, á ní kí èmi àti Ṣadé àbúrò mi wá di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mú, ká jọ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá rántí ìgbà òjò, ìrẹsì tí kò jinná dénú ni mo máa ń rántí.

Ohun tó ń dí gọ́tà kò fara sin. Kò sí ibi tí à ń da ilẹ̀ sí. Nígbà tó yá, Bàbá Onílé ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa san owó ilẹ̀, òun á fi wá ẹni tí yóò máa fi ọmọlanke kó o. Ìyá Bàbá Onílé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Onílé, gbọ́ "owó ilẹ̀", ó sì figbe ta. Ó rò pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ló tún dé. "Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi! Wọ́n tún fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kejì?" Ó ti so ìró mọ́dìí, ó ti gbé ọmọrogùn, kí wọ́n tó rí i mú, kí wọ́n ṣàlàyé pé ilẹ̀ tí a gbá ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ilẹ̀ tí a kọ́lé lé. A rẹ́rìn-ín débi pé ikùn ń ro wá.

Owó náà kò tún nǹkan kan ṣe. Iye kan náà ni gbogbo yàrá ń san. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, àpọ́n tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, tí kì í jẹun nílé, ń san iye tí Ìyá Múfú ń san. Bẹ́ẹ̀, àgbàdo sísè ni Ìyá Múfú ń tà, háhá àgbàdo rẹ̀ nìkan tó kún ọmọlanke. Èyí tó wá burú jù ni pé ó gbà pé owó òun ti ra gọ́tà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, á da háhá sí i gbàà. Bí ìyá mi bá pariwo, á ní, "Ṣé mi ò sanwó ilẹ̀ mi ni?"

Màmá Onílé ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. "Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ." Ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn àgbà ń fi òwe yẹn bá wí, ṣùgbọ́n gọ́tà ni Màmá ń nàka sí. Kànga kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà, ó ní ìdérí àti àgádágodo. Màmá so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Ẹni tó bá gbé ilẹ̀ wá sínú àgbá tó gbé sídìí kànga láàárọ̀, Màmá á ṣí kànga fún un. Ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo, kó lọ ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe di ohun iyì! Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ń kan ilẹ̀kùn kiri: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi nílẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ wẹ̀." Àwa ọmọdé ń gbá ewé àti iyẹ̀pẹ̀ títì wá. Àjákù aṣọ tí ìyá mi kó sẹ́nu ọ̀nà pòórá, inú garawa Múfú la ti bá a. Màmá kó gbogbo wa kúnlẹ̀ sídìí kànga, ọwọ́ sókè, ó sì yí òfin padà. Ó ní òun ò wo àgbá mọ́, gọ́tà lòun á máa wò. Bó bá mọ́, kànga á ṣí fún gbogbo ilé. Bí háhá kan bá wà níbẹ̀, kò sómi fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ìyá Múfú fúnra rẹ̀ ti di ọlọ́pàá gọ́tà.

Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó rọ̀, kò wọ yàrá wa. Ìyá mi jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, àwa sì jẹ ìrẹsì tó jinná. Síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá rán apá aṣọ kan tán, á tún dìde lọ yọjú wo gọ́tà.

Nígbà tí ojú Màmá Onílé kò ríran dáadáa mọ́, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Onílé fa omi ẹ̀rọ wọlé, ó ní kí kálukú máa sanwó ilẹ̀ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú wa dùn, à ń jó sídìí ẹnu ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó tún ń wo gọ́tà. Òjò ńlá tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi ti lọ ra òwú ní Tejúoṣó. Omi wọlé bí ẹni tó mọ̀nà. Èmi àti Ṣadé di ẹ̀rọ ìránṣọ mú, a gbé e, a gbé e tì. Yúnifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ ń léfòó kiri yàrá. Nígbà tí ìyá mi dé, ẹ̀rọ ti dojú dé nínú ẹrẹ̀, háhá àgbàdo sì há sí i lọ́rùn. Kò nà wá. Ì bá nà wá, ì bá sàn. Abẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń ránṣọ títí tó fi darúgbó.

Ayé ti lajú báyìí. Ní Sùúrùlérè tí mò ń gbé, bílì ilẹ̀ ń wá lóṣooṣù, mọ́tò ńlá ló ń kó ilẹ̀ náà, nígbà tó bá rántí wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ ń ra òfìfo ike omi àti agolo lọ́wọ́ wa, wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù. Ike ti kúrò ní gọ́tà wa lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rà ló kù síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán nígbà tí mo rí aládùúgbò mi, ọ̀gá tíṣà tí kì í bọ́ táì, tó ń ju ọ̀rá dúdú sínú gọ́tà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Ó wò mí tìyanutìyanu. "Àǹtí, mo ti sanwó ilẹ̀ mi fún oṣù yìí ná!"

Inú bí mi gan-an. Màmá Onílé, ẹ forí jì mí, ẹni tó dalẹ̀ kọ́ ló ń bálẹ̀ lọ ní Èkó. Ẹni tó sún mọ́ gọ́tà ni. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé báyìí, omi ò lè débẹ̀. Ẹ̀rọ ìyá mi tó ti dípẹtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Bí òjò bá sì ti ṣú, mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ lọ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Èmi nìkan ti tó o gbé.