Ẹni Tó Dá Nọ́ọ̀sì Lóhùn

Ní gbogbo Atlanta yìí, èmi nìkan ni mo ti jókòó ti òkú lọ́sàn-án gangan, tí òkú náà sì ń fi òyìnbó dáhùn ìbéèrè. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí ni ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì fi òwú tó rin fún sípíríìtì nu apá mi, òórùn yẹn sì gbé mi padà.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Mọ́tò ti gbá bàbá mi ní Riverdale, lẹ́bàá Atlanta níbí, a wá jókòó sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì òyìnbó bi wọ́n bí ara wọn ti rí. Nílé wa, a kì í ráhùn fún àjèjì. Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Fine, ma. A dúpẹ́." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òyìnbó kan tó fi ẹsẹ̀ rọ́ dé lẹ́yìn wa, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé.

"Dádì, ẹ sọ fún wọn pé inú ń run yín."

"Ìwọ ọmọ yìí, panu mọ́. Wọ́n á pè wá."

Ikùn wọn le bíi pákó lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn tutù ju omi fìríìjì lọ. Ojú wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n ń wo iná òkè àjà tó ń kùn bí oyin.

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì ti wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ló ń kún inú bàbá mi nígbà yẹn, àti pé títí dòní, wọn kì í tètè gba aláwọ̀ dúdú gbọ́ ní ọsibítù, bó tiẹ̀ ké.

Nọ́ọ̀sì tún ń kọjá. "You okay, sir?"

Ètè bàbá mi ò mira, síbẹ̀ ohùn kan jáde: "Fine, ma." Nọ́ọ̀sì bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti purọ́. Òkú kankan ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.