Ìtumọ̀ Tí Mo Mọ̀ Tí N Kò Sọ

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní Ìbàdàn ló fi mí sínú ẹgbẹ́ náà. Kò bi mí kó tó fi mí sí i. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo bá ìkíni mẹ́tàdínlógójì lórí fóònù mi: ẹ káàbọ̀ ma, ẹ káàbọ̀ sí agbo àwọn ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire. Àwòrán òdòdó ló pọ̀ jù nínú wọn. N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi, òun gan-an kò sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, Alága á gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí i, oníkálùkù á sì fi ṣe gbólóhùn kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní èdè wa ń kú lọ, pé àwa la máa jí i dìde. Àwọn kan ń gbé ní Houston, àwọn kan ní Toronto àti London. Àwa bíi mẹ́wàá la wà ní Chicago àti àyíká rẹ̀. Romeoville ni Alága ń gbé, ó jẹ́ ọ̀gá kékeré nílé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀. Mo ní ọ̀gá kékeré; bí o bá rí àwòrán rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, wàá rò pé ọba ni. Ó dé fìlà, ó mú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, mọ́tò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kí a lè rí i pé aláwọ ni àga inú rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti máa ń ka ọ̀rọ̀ òní. Àdúgbò South Shore ní Chicago ni mo ń gbé, Hyde Park ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìwòsàn kan tí mo ti ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ìrìn náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó tó láti ka ìranù. Ìranù sì pọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ jẹ́ "àgálámàṣà", dókítà kan ní Chicago níbí kọ ọ́ pé àgálámàṣà ìyàwó òun dùn ju ti ìyá òun lọ. Ó hàn pé kò ka ìtumọ̀ rẹ̀, ó rò pé ọbẹ̀ ni. Ènìyàn mẹ́tàlá pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan ní Houston máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe àdúrà. Lọ́jọ́ tí ó kan "àjà" òkè ilé, ó ní Ọlọ́run yóò fi àjà jíǹkí gbogbo wa, wọ́n sì ṣe àmín. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lápò Alága, á hun tirẹ̀. Òun ló sọ máíkírówéfù ní "amóúnjẹgbóná-láìfinásí". Wọ́n ní láti òní lọ, ẹ̀rọ náà ti gba orúkọ. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mo mọ méjì nínú àwọn ará Chicago yìí lójú. Bí wọ́n bá ń pe ọmọ wọn níta, Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí wọ́n ń gba imú sọ. Lẹ́yìn náà, wọn á wọ inú fóònù lọ jí èdè Yorùbá dìde.

Kí ló dé tí n kò fi kúrò níbẹ̀? Òótọ́ ni pé mo ń gbádùn rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi kí n jókòó ti fèrèsé láàárọ̀, kí n máa fi àwọn tó kàwé jù mí lọ ṣẹ̀sín nínú ọkàn mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ láàárín wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré, South Shore níbí náà ni ilé rẹ̀. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀, bàbá náà sì ti kú kó tó lè kọ́ ọ ju ìkíni lọ. Gbogbo àwa yòókù ń kọ gbólóhùn. Òun ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Ohùn náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sókè, kò sódò. Ní ìparí, á béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo pè é dáadáa?" Kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn. Àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n ń gbé sókè fún un.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Alága gbé ọ̀rọ̀ jáde: "Kòbákùngbé: ohun tí kò lẹ́gbẹ́, tó dára ju gbogbo ìyókù lọ. Àpẹẹrẹ: Ìwà ìyàwó mi jẹ́ kòbákùngbé."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó tì mí fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi ń lé mi kúrò nídìí oúnjẹ nìyẹn bí mo bá ń sọ ìsọkúsọ: "Gbé ẹnu kòbákùngbé yẹn kúrò níwájú mi!" Alága ti já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì fi ìtumọ̀ tó wù ú dí àlàfo rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún un. Ìlà kan péré ni yóò gbà mí. N kò sọ. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n máa bá a dé. Wọ́n sì bá a dé ibi tó jìnnà. Dókítà ní àwọn òbí òun fún òun ní ẹ̀kọ́ ilé kòbákùngbé. Ìyá Houston bẹ Ọlọ́run fún ọkọ kòbákùngbé fún àwọn ọmọbìnrin wa. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn ọ̀dọ́bìnrin náà dé: "Màmá, oúnjẹ yín kòbákùngbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo pè é dáadáa?" Ó pè é dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ipò wọn. Èmi tí n kì í dá a lóhùn, mo gbé àtàǹpàkò sókè fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Alága pe àwa ará Chicago sílé rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ìyá rẹ̀ ti dé láti Òṣogbo, wọ́n fẹ́ dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún wa. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé náà. Èmi ni mo gbé ọ̀dọ́bìnrin náà nínú mọ́tò mi. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kọ́ ohun tó máa sọ fún Màmá, ìyá Alága. Mo gbọ́ kòbákùngbé nínú rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an fún un. Bí mo bá sọ ọ́, á bi mí nípa àtàǹpàkò yẹn. Mo ní bóyá kò tilẹ̀ ní rántí sọ ọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, òfin Alága ti sọ gbogbo ilé di odi. Àwọn tó ń fi àgálámàṣà ṣe gbólóhùn kò mọ bí wọ́n ṣe máa ní kí ẹlòmíràn sún síwájú díẹ̀. Dókítà ń nawọ́ sí omi bí ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Alága nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ nípa ara rẹ̀.

Màmá jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú àwo ọ̀jọ̀jọ̀ kejì. Àwa yòókù tẹríba díẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ yín. Oúnjẹ yín kòbákùngbé ni."

Màmá gbé àwo kalẹ̀. "Kí lo wí?"

Ọmọ náà rò pé wọn kò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tún fi kún un: "Ẹ̀yin náà, Màmá, kòbákùngbé ni yín."

"Èmi?" Màmá ní. "Tí mo dúró nídìí iná láti òwúrọ̀? Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

Ọmọ náà wo Alága. Gbogbo wa wo Alága.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," Alága ní. "Wọ́n bí i síbí ni. Ohùn ló máa ń ṣì wọ́n lọ́nà. Kò pè é bó ṣe yẹ."

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ tí ìtumọ̀ Alága wà nínú fóònù wọn. Dókítà ń wo òkè ilé. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Ojú ọ̀dọ́bìnrin náà ti pọ́n, eékún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

"Irọ́ ni," mo ní. "Ohùn rẹ̀ tọ̀nà, Alága. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Mo mú fóònù jáde, mo ka ohun tó kọ sétí ìyá rẹ̀, títí kan ìwà ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Kò rẹ́rìn-ín.

Màmá yíjú kúrò lára ọmọ wọn. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Ìwọ tó ń kà á yìí, o mọ ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti kékeré, Màmá."

"O sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wá kúnlẹ̀ níwájú mi kó fi bú mi." Wọ́n fa ọ̀dọ́bìnrin náà dìde. "Dìde, ọmọ mi. Bó bá dùn, sọ pé ó dùn. Ìyẹn náà ti tó."

"Ó dùn, Màmá," ọmọ náà ní.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń padà. Ó bi mí ìdí tí mo fi gbé àtàǹpàkò sókè. Mo ní àwàdà ni. Ó bi mí pé ta ni àwàdà náà dùn mọ́. A dé South Shore, ó dúpẹ́ pé mo gbé òun, ó sọ̀ kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alága pa ohun tó kọ rẹ́. Kò tọrọ àforíjì. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀ka èdè Yorùbá pọ̀, pé ní àdúgbò tiwọn, ìtumọ̀ rere ni ọ̀rọ̀ náà ní. Mo fèsì pé ọ̀jọ̀jọ̀ àdúgbò yẹn la jẹ lánàá, ìyá tó bí i níbẹ̀ kò sì mọ ìtumọ̀ rere kankan. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti yọ mí kúrò. Mo gbọ́ pé ọ̀dọ́bìnrin náà ti fúnra rẹ̀ jáde.

Oṣù kan kọjá kó tó kọ̀wé sí mi. Kò kí mi. Ọmọ kan ń ṣe híkọ́ọ̀pù ní kíláàsì òun, kí ni Yorùbá ń pè é? Mo kọ ọ́ pé, "Òsúkè." Mo tún fi ohùn mi ránṣẹ́, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó béèrè òmíràn. Báyìí, ó máa ń béèrè bíi méjì lọ́sẹ̀. Màmá ti padà sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun ti gba nọ́ńbà wọn lọ́jọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá fún un, ó kọ́kọ́ ń bi Màmá bóyá òótọ́ ni mo sọ kó tó lò ó. N kò bá a wí.