Wọ́n Já Mi Sílẹ̀ Létí Márosẹ̀

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìpelé mọ̀ pé n kì í pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Ọmọ mi obìnrin ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí Èkó. Nínú ilé tiwa, ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ sí ọmọ létí láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. A kì í fi fóònù ṣe é. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, kẹ́ ẹ wọ rélùwéè níbẹ̀. Ẹ̀yìn yín ò lè gba sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó." Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo gbà.

Nígbà tó ku ọ̀la, ní gáréèjì Ọ̀wọ̀, mo bi dírẹ́bà bóyá yóò dé ìdí rélùwéè. Ó ní, "A ó dé Ìbàdàn, ìyá." Mo rò pé ó ti dá mi lóhùn nìyẹn.

Nígbà tí a dé Ìbàdàn, etí márosẹ̀ ló dúró sí, níbi tí mọ́tò ń sáré kọjá bí ẹni tí agbọ́n ń lé.

"Ìyá, ẹ máa bọ́lẹ̀."

"Rélùwéè dà?"

"Ó wà lọ́hùn-ún. Ẹ gba ọ̀kadà."

"Èmi, pẹ̀lú àpò iṣu yìí, àti ẹ̀yìn yìí?"

"Ẹ ṣáà di ọlọ́kadà mú dáadáa."

Tíṣà kan tó jókòó lẹ́yìn mi, ará Èmùrè-Ilé, já lù ú: "Ìyá tìrẹ ni kó o lọ gbé lé ọ̀kadà!"

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Ìyá tèmi? Òun ló máa ń ní kí ọlọ́kadà sáré sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a bọ́lẹ̀ tán la tó mọ̀ pé rélùwéè ni tíṣà náà ń lọ, àti ìyàwó kan tó pọn ọmọ. Láti Ọ̀wọ̀ la ti jọ jókòó, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé níbo lò ń lọ. Ká ní a bi ara wa ní gáréèjì, à bá jọ bá dírẹ́bà sọ ọ́ kó gbé wa dé ẹnu géètì.

A dúró títí. Bọ́ọ̀sì kankan ò lọ síbẹ̀. Takisí tí a jàjà rí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà sí ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tí a gbọ́ fèrè rélùwéè. Ó ti lọ, òun ló sì kẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Nílé wa, ọkọ̀ oko tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ ń já oníkálukú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tòun ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọlọ́pọlọ wá la márosẹ̀, wọ́n to irin rélùwéè, wọ́n kun ilé ibẹ̀ ní ọ̀dà, kò sì sẹ́ni tó ro bí èèyàn yóò ṣe ti ọ̀kan dé èkejì! Ta ló ń kọ́lé tí kò ní ṣe ẹnu ọ̀nà sí i?

Ilé ẹ̀gbọ́n tíṣà la sùn. Ní ìdájí la wọ bọ́ọ̀sì Èkó, ọ̀nà sì dí pa. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dúró, pásítọ̀ ló ní òun ní ibòmíràn tí òun ń lọ. Ìyá ọkọ ọmọ mi ló pe orúkọ sí ọmọ létí.

Wọ́n gbé e fún mi. Mo pe orúkọ tí mo mú wá sí i létí. Ó ń sùn.

Ọkọ ọmọ mi dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ní, "Mò ń bínú. Bu omi wá."