Ọkọ̀ Ìgbòkun Lẹ́yìn Ọjà'ba

Òórùn ọ̀dà gbígbóná tí wọ́n ń dà sójú títì ní Mọ́lété lánàá ló gbé mi padà sí àgbàlá wa lẹ́yìn Ọjà'ba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ ìgbòkun bàbá mi máa ń rùn, ògbólógbòó ọkọ̀ tí ó fi lọ́rì gbé wá láti Ẹ̀pẹ́, ìlú rẹ̀. Màámi fẹ́ kó tà á, kí òun lè gbé ẹ̀rọ ata síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ọkọ̀ ojú omi n'Ìbàdàn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń pa aṣọ láró dé. Ó ní ká pọn omi kún inú ọkọ̀, bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò.

"Kò jò! Á gba aró mi dáadáa."

"Ìyá aláró, ìta ọkọ̀ ni omi ń wà, kì í ṣe inú."

"Ọ̀gá, ẹ fi odò tí ẹ máa gbé e sí ní Ọjà'ba níbí hàn mí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ni Màámi bá bú sẹ́kún. Orí mi dàrú.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ni bàbá mi ń tọ́jú láti fi padà sílé ní Ẹ̀pẹ́, àti pé Màámi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Lọ́jọ́ náà, mo ní, "Màámi, ẹ má sunkún, Bàbá á ra òmíràn." Ó gbá mi létí, ó sì fà mí mọ́ra. N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni, tàbí kí n dúró gba ìkejì.