Àlàájì Mùkáílà àti Ẹsẹ̀ Tó Kán

Ọjọ́ tí Àlàájì Mùkáílà gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kán ni òkìkí rẹ̀ kàn láàárín ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin ní Life Camp, ní Abuja.

Lọ́lá ni ọmọ náà. Báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́jọ́ kejì, bóyá wọ́n á fi í ṣe ọ̀gá ẹ̀ka kan. Fọlákẹ́, ìyá rẹ̀, bẹ ìpàdé pé kí wọ́n bá òun fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Àlàájì, tó ń ta kọ́tìnì ní ọjà Wuse, ti gbọ́ lẹ́nu oníbàárà kan láàárọ̀ pé "Break a leg" làwọn òyìnbó fi ń súre fún ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan ńlá. Ó dìde, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹsẹ̀ Lọ́lá á kán lọ́la, láṣẹ Ọlọ́run."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

"Àlàájì," Fọlákẹ́ ní, "ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ Lọ́lá. Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Lọ́lá, àdúrà òyìnbó ni."

"Ó dáa. Mo dá a padà fún ẹni tó ṣe é." Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àlàájì sáré tẹ̀lé wọn láti bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ táìlì ẹnu ọ̀nà ni. Ó yọ̀, ó ṣubú, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì kán. Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ mọ́tò, ó ní, "Àdúrà ti gbà. Àdírẹ́sì ló ṣìnà."

Lọ́lá rí ipò náà gbà. Fọlákẹ́ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Àlàájì sétí, àmọ́ Lọ́lá fa ìyá rẹ̀ dé ọsibítù, tòun ti oúnjẹ.

"Bàbá," Lọ́lá ní, "àwọn òṣèré orí ìtàgé ló máa ń sọ ọ́ fúnra wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá súre ní gbangba, aburú á gbọ́, ni wọ́n bá ń sọ òdì ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá gan-an."

"Èmi mọ̀ ọ́n," Àlàájì ní. "Ọmọ ogun òyìnbó kan ló ń lọ sójú ogun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́nà, wọ́n dá a padà sílé. Àwọn tó kù ò bọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá gbogbo ti ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ọmọ òun kán."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi fúnra mi. Ṣé kí n máa dúró de ẹlòmíì ni?"

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìwo ibi tí ẹsẹ̀ wà. Igbe tí Àlàájì ké ni wọ́n fi parí ìjà.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí Àlàájì ò ní ìtàn fún. Nígbà tó gbọ́ pé bí òjò bá pọ̀, òyìnbó á ní ajá àti ológbò ló ń rọ̀, ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ òun gbé àpò jáde sínú òjò, torí ajá òyìnbó wọ́n.

"Kí lẹ wá rí gbà, Bàbá?"

"Òtútù."

Lọ́lá, tí wọ́n bí sí Abuja, máa ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ òyìnbó bẹ́ẹ̀ ní báńkì, tó sì fi òyìnbó pe Àlàájì, bàbá náà á ní, "Yauwa, ó dáa bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ ní Yorùbá, kí n lè bá ẹ jiyàn." Ọ̀kan ń kọ́ òyìnbó tí kò péye, èkejì ń kọ́ Yorùbá tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Inú àwọn méjèèjì dùn sí i.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Àlàájì jókòó sórí ẹní ìrun lẹ́yìn àsárì, tí kò dìde mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn fídáù, ọ̀gá kan sọ nípàdé báńkì pé bọ́ọ̀lù ti wà ní kóòtù wọn, ìyẹn ni pé ọwọ́ wọn ló kù sí. Lọ́lá ti jáde síta, ó ti pe nọ́ńbà Àlàájì, kó tó rántí. Kó tó lè pa á, Mùlíkàt, opó Àlàájì, ti gbé e.

"Ṣé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo gbàgbé ni."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní bọ́ọ̀lù wà ní kóòtù."

Lọ́lá gbọ́ bí Mùlíkàt ṣe fa imú, ó gbọ́ bó ṣe wọ́ àga sún mọ́ra.

"Jókòó," ìyá náà ní. "Bọ́ọ̀lù kan wà ní Ìlọrin nígbà kan, ni ọlọ́pàá bá wá mú un..."